Ìyàwó Ọmọ Mi Kì Í Jiyàn

Nígbà tí ọ̀gá iṣẹ́ náà pè mí láti Adó, mo rò pé ó fẹ́ yìn wá ni. Èmi àti ìyàwó ọmọ mi la jọ gba iṣẹ́ náà ní Arámọkọ, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa ka Yorùbá tí àwa èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù láìfi àmì sí i. Gbólóhùn á jáde, wọ́n á fàlà sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, kálukú wa á sì dá sọ ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní níbẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé a ò gbọdọ̀ bi ara wa.

Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi wá àwọn gbólóhùn wọ̀nyẹn kiri Ìpòtì, Ìkòrò àti Ìdó-Ilé, lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbọ́ tiwa kí n tó kú.

"Mà, ìdáhùn ẹ̀yin méjèèjì ò yàtọ̀ síra rí," ni ọ̀gá náà wí. "Èèyàn méjì kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ẹnì kan ló ṣe é. Tí kò bá yí padà, a ó yọ tiyín kúrò."

Inú bí mi. Mo pe ìyàwó, mo bi í bóyá tèmi ló ń wò kọ.

Ó kúnlẹ̀. "Mi ò wò ó, Mọ́mì. Ohun tí ẹ̀yin máa mú ni mo máa ń rò, èmi náà á sì mú un."

Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ta ló sì fẹ́ bá ìyá ọkọ jiyàn? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé yìí ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́, n ò sì ní gbà. Mo ní a máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀.

Mo fi ọ̀kan tí wọ́n fàlà sí "oko" nínú rẹ̀ kọ́ ọ: "Baba ra oko fun omo re." Mo ní kó sọ tirẹ̀. Ó ní bí mo ṣe wí náà ni. Mo ní mi ò tíì wí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fa etí aṣọ rẹ̀.

"Ìwọ ni mo bi," ni mo wí. "N ò ní kúrò nínú ulé yìí títí o ó fi dáhùn."

"Ọkọ̀ ni, Mọ́mì," ó wí jẹ́jẹ́. "Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọkọ̀ ló rà fún ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkọ́ tí a fi ń roko ni mo ti mú. Èmi ọmọ àgbẹ̀, ọkọ̀ ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. A yọ gbólóhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí a ti jọ sọ ọ́. Mo lé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, èmi gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi parí.

Wọ́n gba iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, inú mi dùn débi pé èmi fúnra mi ni mo se ọbẹ̀. Ìyàwó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ò tó, Mọ́mì."

Ọmọ mi dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó ń wo ojú mi. Mo tọ́ ọ wò. Kò tó lóòótọ́. Mo bi ìyàwó pé láti ìgbà wo ni iyọ̀ ọbẹ̀ mi kì í ti í tó.

"Ó ti pẹ́, Mọ́mì."