Ọkàn Tó Ń Lù àti Ọkàn Tó Ń Rò

Kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ìgbà kan wà tí mo máa ń sùn tí mo sì máa ń jí ní gbígbẹ. Ní Àkúrẹ́ nìyẹn, nígbà tí èmi àti Mọ́mì jọ ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, ó di ẹrù àbúrò mi ọmọ ọwọ́ mọ́ tirẹ̀, ó sì di ẹrù tèmi lọ sí Ọ̀wọ̀, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi di atọ̀ọ́lé.

Màmá, bí mo ṣe ń pe ìyá Mọ́mì nìyẹn, kò kọ́kọ́ bínú. Ó ní ilé tuntun ni, ara mi á mọ́ ọn. Nígbà tí ara mi kọ̀ tí kò mọ́ ọn, ó gbógun dìde. Ó ní omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu mi mọ́ tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ó fi ọ̀rá bo fóòmù, ọ̀rá náà sì ń pariwo débi pé gbogbo ilé ló ń mọ̀ bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ìbátan wa kan láti Arimogija mú ilé ẹyin kòkòrò kan bọ̀ láti oko kòkó, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Wọ́n sun ún, wọ́n ní kí n jẹ ẹ́, pé kò sí atọ̀ọ́lé tó jẹ ẹ́ tí kò gbẹ. Ó rí lẹ́nu bí fóòmù tó jóná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibùsùn mi tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbátan náà ní bóyá kòkòrò yẹn ni kò tíì gbó.

Ní ilé ìwé náà, tíṣà mi ti sọ pé ìdí mi kì í gba àga. Mo máa ń gbàgbé ìwé, mo máa ń gbàgbé bíró, mo sì máa ń gbàgbé pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì máa ń pè.

"Ṣé o ti dáwọ́ ẹ̀ dúró?"

"Rárá, mà."

"Yàrá tí mo háyà kéré, fóòmù kan ṣoṣo la ní. Tí o bá ti ń jí ní gbígbẹ, màá wá mú ọ."

Mo fẹ́ kó wá mú mi. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Níkẹyìn, Màmá mú mi lọ sí ọsibítù. Dókítà kò gbọ́ Yorùbá, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún un sì wá láti ìhà Ọ̀yọ́. Nílé, èdè Ọ̀wọ̀ nìkan ni Màmá ń sọ, ọma ló ń pe ọmọ, ùtọ̀ ló ń pe ìtọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti rí àlejò, Yorùbá inú Bíbélì ló máa ń gbé jáde bí aṣọ ọdún. Dókítà béèrè bí mo ṣe ń yàgbẹ́ sí. Màmá ní, "Bí ti ewúrẹ́ ni." Ó béèrè bóyá mo lè jókòó jẹ́ẹ́. Màmá kàn nawọ́ sí mi: mo ti wà lábẹ́ tábìlì. Ó béèrè bóyá nǹkan kan yí padà nílé. Màmá ní rárá o, kò sí nǹkan kan tó yí padà, àfi ìyá ọmọ tó lọ sí Àbújá.

Dókítà sọ̀rọ̀ títí, nọ́ọ̀sì sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kì í balẹ̀ bíi tèmi, tí àpò ìtọ̀ wọn á máa ránṣẹ́, tí orí wọn ò ní gbọ́. Ó ní ìgbẹ́ tó gbẹ sí mi níkùn náà tún ń fún àpò yẹn mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa fún mi lómi dáadáa lọ́sàn-án, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n Màmá, èyí tó ká wa lára jù, ọkàn ọmọ yìí ni. Ẹ bá wa tọ́jú ọkàn rẹ̀."

Màmá kì í fi ètò ìlera orí rédíò ṣeré. Ó mọ àrùn ọkàn dáadáa, ó mọ̀ pé ó máa ń pa èèyàn lójijì. Ó dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pọ̀n mí. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀ bí a ṣe ń jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹyin. N kò gbọdọ̀ sáré, n kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá láti ṣọ́ọ̀ṣì wá gbọ́wọ́ lé mi láyà. Aránṣọ tó múlé tì wá, Mùsùlùmí ni, ó ní kí ọkọ òun náà wá ṣe àdúà. Wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú ní kí ẹnì kejì ṣáájú, ọbẹ̀ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù kí wọ́n tó yanjú ẹ̀. Ẹran inú ọbẹ̀ mi di méjì. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ "àrùn ọkàn" lórí rédíò, ẹran ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ fóòmù. Ta ni yóò bá ẹni tó ń kú lọ jà nítorí ìtọ̀?

Mo gbádùn ẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo gbọ́ tí Màmá ń sọ fún aránṣọ pé ọkàn mi ti bàjẹ́, pé òun ò tíì sọ fún Mọ́mì kí omi ọyàn má bàa gbẹ mọ́ ọn láyà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo lọ fi sálúbàtà mi ta ọmọ aránṣọ lọ́rẹ, nítorí n kò rí òkú tó ń wọ sálúbàtà rí. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó ní ó há, ó dá a padà.

Nígbà tí a padà sí ọsibítù, Màmá kò tilẹ̀ jókòó.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kò fún wa ní oògùn ọkàn."

Nọ́ọ̀sì béèrè pé oògùn ọkàn wo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ẹ̀rín ń pa á.

"Màmá, ẹ má bínú. Ọkàn tó ń rò ni mo ní, kì í ṣe ọkàn tó ń lù. Èyí tó ń lù le koko. Ọmọ yìí ń ro nǹkan, ó ń dùn ún, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún."

"Ohun téèyàn ń rò, inú ló wà," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin ará òkè lọ́hùn-ún lẹ fẹ́ fi Yorùbá pa mí." Ó wá yíjú sí mi, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Gbogbo ẹran yẹn."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wa padà. Ìgbà tí a délé tó ń já ewé ẹ̀fọ́ ló tó pè mí.

"Ọma mi, kí lò ń rò?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí. Mo ní, "Mo ń rò bóyá màá dáwọ́ ìtọ̀ọ́lé dúró."

"Wàá dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ìyá rẹ á sì wá mú ọ."

"Tí mo bá dáwọ́ ẹ̀ dúró tí wọn ò wá ńkọ́, Màmá? Báyìí, ìtọ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n wá."

Màmá gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ní kí n bá òun pe nọ́ńbà náà. Mọ́mì gbé e, ó ń kí i, Màmá kò dáhùn ìkíni.

"Wá mú ọma rẹ."

Mo gbọ́ ohùn Mọ́mì tó ń ṣàlàyé: yàrá kéré, onílé le, fóòmù kan ṣoṣo ló wà, tó bá ti lè sùn mọ́jú ní gbígbẹ báyìí. Màmá jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Mo gbọ́," ló wí. "Wá mú ọma rẹ, tòun tùtọ̀ rẹ̀."