Ẹ̀rọ Tó Ń Pe Bọ̀dá Múfútáù

Ẹ bá mi gbà á gbọ́ o, ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1990, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ra kòkó ní Àpòmù. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la ní, orúkọ ẹni tó ń lò ó la sì fi ń pe kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ní kí n fi ètò kan sí wọn, tí yóò máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú.

Ta ló fẹ́ máa gbé dísíkì káàkiri? Mo kọ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà ńlá pé kó máa dá pe orúkọ wọn. Èyí tí kò bá dáhùn, kó tún un pè títí yóò fi dáhùn, kó wá fi ètò náà sí i. Ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà lára ògiri ni mo ti da orúkọ kọ.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Orúkọ Bọ̀dá Múfútáù, ẹni keje wa níbi iṣẹ́, ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú la lọ ṣe fídáù wọn ní Ìkirè. Wọ́n ti tú gbogbo inú kọ̀ǹpútà wọn lọ. Àpótí òfìfo rẹ̀ la fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.

Àwọn mẹ́fà tó kù dáhùn kíá. Ẹ̀rọ ń pe Bọ̀dá Múfútáù, ó ń pè. Mò ń jẹ dòdò tèmi, mi ò kà á sí. Ìgbà tí mo máa wò ó padà, ó ti kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé Múfútáù wà láàyè.

Ẹ̀rù ò bà mí. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Ìyàwó wọn, Ìyá Wàsíù, ló wọlé, wọ́n wá kó ẹrù ọkọ wọn. Wọ́n rí orúkọ náà.

"Ta ló ń pè wọ́n?" Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹni tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàdúà fún pé kí wọ́n sinmi?"

Mo pa orúkọ náà rẹ́. Ó padà. Mo fa wáyà iná yọ, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ni Ìyá Wàsíù bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Bàbá Wàsíù, iṣẹ́ ti parí. Ẹ máa sùn."

Wọ́n ń sunkún. Omijé ò tiẹ̀ bọ́ lójú tèmi.

Ọjọ́ kẹta, Ìyá Wàsíù ránṣẹ́ pè mí sí Ìkirè. Wọn ò rí oorun sùn mọ́. Wọ́n ní léraléra làwọn ń gbọ́ ohùn ọkọ àwọn lẹ́yìnkùlé: "Mo wà níbí o." Èmi náà dúró, mo gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ a ò tíì tan kọ̀ǹpútà ńlá yẹn látọjọ́ náà. Ta ló wá ń pè wọ́n? Mi ò mọ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ẹ̀rọ láti máa dá pe èèyàn, ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ òkú kúrò. Ẹni tó bá ti dáhùn, èmi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá a padà sùn.