Àwa La Kọ́kọ́ Lù Ú

Eyín iwájú méjì ni ẹ̀gbọ́n mi pàdánù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn kí ọlọ́pàá tó dé. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, ẹnu àwọn tó rí i ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti yọ ibi tí ẹnu wọn kò ti kò kúrò. Ó mu ògógóró nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Fọlá Agoro. Ó wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi ń kó bébà fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó gba Ladi-Lak sọ̀kalẹ̀ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, ó sì wà á wọnú àtíbàbà ìyá kan tó ń yan ẹja. Àtíbàbà wó, ààrò fọ́, ẹsẹ̀ ìyá náà kán lábẹ́ pákó.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ohun tó tẹ̀lé e lè mú kí èèyàn gbàgbé rẹ̀. Ó mutí, ó wakọ̀, ó ṣe èèyàn léṣe.

Ọmọ ìyá náà, apẹja ọmọ Ìlàjẹ kan tí apá rẹ̀ tó itan mi, fà á jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi ló fi lù ú lẹ́nu. Ẹnì kan ti yí táyà dé, ẹlòmíràn ń béèrè kẹrosíìnì. Ìyá náà, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ló ní òun ò fẹ́ òkú ní ẹnu ọ̀nà òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wọn dúró títí ọlọ́pàá fi dé. Nínú àtìmọ́lé, àwọn tó ti wà níbẹ̀ tún na án, wọ́n ní òórùn ọtí ẹnu rẹ̀ ń dí àwọn lọ́wọ́ oorun.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé kóòtù májísíréètì, adájọ́ fún un ní béèlì, bàbá wa ṣe onídùúró, wọ́n sì sún ẹjọ́ síwájú.

Láàárín àkókò náà ni bàbá mi kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìyá náà gbà. Ẹ̀gbọ́n mi yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àtíbàbà náà kọ́, ilé wa náà kò sì ní fẹjọ́ eyín sùn. Wọ́n pa obì, wọ́n jẹ ẹ́. Lójú bàbá mi, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń kó òòlù àti ayùn sínú àpò. Mo lọ bá bàbá mi.

"Bàbá, ìjọba ló pè é lẹ́jọ́, kì í ṣe ìyá ẹlẹ́ja."

"Ẹsẹ̀ ìjọba ló kán ni?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kán ti dárí jì í. Ẹni tó bá tún gbé ẹjọ́ tá a ti parí lọ sí kóòtù, ọ̀tá ló ń wá. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Mi ò lè sọ pé òmùgọ̀ ni. Níbi tó ti dàgbà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tí a ṣẹ̀ ló ni ẹjọ́, òun ló sì lè pa á tì. Èmi náà kò ka òfin ní yunifásítì, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo dá lọ sí kóòtù.

Akọ̀wé pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà tún un pè sí ojú títì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́. Mo dìde.

"Ìwọ ni olùjẹ́jọ́?" Obìnrin ni adájọ́ náà.

"Rárá, Olúwa mi. Àbúrò rẹ̀ ni mí. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà nílé."

"Ṣé ìwọ lo bá a mu ọtí ọ̀hún ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "A ó ti kóòtù pa nígbà náà, kí gbogbo wa máa lọ gbẹ́jọ́ nílé bàbá yín."

Ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n lọ mú un wá. Bí wọn ò bá rí i kí òun tó dìde lórí ìjókòó, òun yóò fagi lé béèlì, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò sì ti máa retí ìdájọ́. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ń retí ìdájọ́ níbẹ̀ tí wọn ò rántí ọjọ́ tí wọ́n wọlé mọ́. Mo gun ọ̀kadà, mo ní kó sáré.

Orí òrùlé ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ń kan páànù. Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja dúró nísàlẹ̀, ìṣó kún ẹnu rẹ̀.

"Ìwọ náà fẹnu mú ìṣó bíi kápẹ́ńtà," ló ń wí sókè sí ẹ̀gbọ́n mi, "àbí wọ́n ń já bọ́ láti ojú àlàfo yẹn?"

"Ìwọ lo gbẹ́ ẹ, máa fi rẹ́rìn-ín."

Mo sọ ohun tí adájọ́ wí. Ẹ̀gbọ́n mi ju òòlù sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ti dé. Kọ́púrà kan fi bàtà ta àkàbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi já bọ́, ó fẹ̀yìn balẹ̀ lórí àwókù ààrò. Kó tó dìde, wọ́n ti fi ìdí ìbọn gún un láyà. Kòbókò tẹ̀lé e. Awọ orí rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Wọ́n ní ayé ológun ti lọ, pé alágbádá ló ń ṣèjọba. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn mí.

Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja tu ìṣó dànù, ó fa àjẹ̀ yọ.

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú igi tí wọ́n fi dì í. Ó gbé e sílẹ̀. Ìyá náà kọjú sí kọ́púrà. "Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Kí lẹ tún ń lù ú sí?"

"Ìyá, ẹ má dá síṣẹ́ ìjọba."

Wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Èmi àti ọmọ ìyá ẹlẹ́ja jọ gun ọ̀kadà kan tẹ̀lé wọn.

Adájọ́ kò tíì dìde. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. "Ta ló lu ọkùnrin yìí?"

Ọlọ́pàá tó ń ṣe agbẹjọ́rò ìjọba dáhùn: "Olúwa mi, àwọn ará àdúgbò ni, lọ́jọ́ ìjàǹbá ọkọ̀ yẹn."

Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán sórí pákó àpótí olùjẹ́jọ́.

"Irọ́ ni, mà." Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja ti dìde lẹ́yìn. "Àwa la ni àtíbàbà tó wó. Àwa la kọ́kọ́ lù ú, èmi gan-an ni mo yọ eyín ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tòní kì í ṣe tiwa. Ó ti ń bọ̀ níbí kí wọ́n tó gbá a lulẹ̀."

Mo ti wọn gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn wò léraléra. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ìyẹn dá mi lójú. Bóyá kóòtù ló ń bọ̀ àbí ó fẹ́ sá, mi ò lè búra. Adájọ́ wo ọlọ́pàá náà títí ó fi gbójú sílẹ̀. Ó wọ́gi lé ìwé àṣẹ náà, ó jẹ́ kí béèlì dúró, ó sì dá ọjọ́ mìíràn.

A ò tíì kúrò ní ẹnu géètì tí kọ́púrà fi gbá ṣòkòtò ọmọ ìyá ẹlẹ́ja mú. "O ti jẹ́wọ́ níwájú adájọ́." Ó gbá a létí, wọ́n fà á lọ sí àgọ́. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Ó tẹ̀lé wọn.

Lórí káńtà, kọ́púrà ti bébà sí ẹ̀gbọ́n mi. "Kọ ọ́ pé òun ló lù ẹ́."

"Mo ṣubú ni, sà."

"Eyín ńkọ́?"

"Eyín náà ṣubú."

Ó gbá a létí ní ẹ̀gbẹ́ tó ti wú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí padà, ó tún sọ ọ́. Wọ́n tún gbá a. Ó tún sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín mọ́. Bóyá ìyẹn ló dùn kọ́púrà, bóyá ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní kí àwọn méjèèjì jáde kúrò níwájú òun.

Ní ọjọ́ tí adájọ́ dá, ẹ̀gbọ́n mi ní òun jẹ̀bi. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e, ṣùgbọ́n kò lọ sẹ́wọ̀n. Bàbá mi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ọmọ ìyá ẹlẹ́ja jókòó tì í. Nígbà tí akọ̀wé pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ dìde.