Aṣọ Ló Ń Gé, Kì Í Gé Èèyàn

Àǹtí Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó kàn fẹ́ lọ ra ọṣẹ. Obìnrin síngbọnlẹ̀ ni: apá kún, ìdí kún, ẹ̀rín náà kún. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan láti ra aṣọ, ẹni tó ń tajà wò ó tòkè-tilẹ̀, ó ní, "A ò ní èyí tó lè gba irú yín." Kò sunkún. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Aṣọ àkọ́kọ́ tó rán, ara rẹ̀ ló rán an fún, pupa fòò, ó sì wọ̀ ọ́ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá, ó ń yan.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin mú ọmọbìnrin rẹ̀ tó fẹ́ relé ọkọ wá rán aṣọ ìgbéyàwó, inú Àǹtí Téèpù dùn. Ọmọ náà jókòó, ó ń fi òwú wé ìka. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rán an kó kéré jù ú lọ díẹ̀. Á dín ara kù kọ́jọ́ tó pé, á sì wọ̀ ọ́."

Àǹtí Téèpù rò pé àwàdà ni. Bó ṣe wọn ọmọ náà ló ṣe rán an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà wá dán an wò, aṣọ ń yọ̀ bọ́ léjìká. Àǹtí Téèpù dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà tún padà wá, aṣọ tún tóbi. Ìyá rẹ̀ fayọ̀ pàtẹ́wọ́, ó jáde lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

Ọwọ́ aránṣọ ti kan ohun tí ìyá ò rí. Egungun ẹ̀yìn ọmọ náà ti yọ. Oòrùn mú gan-an, síbẹ̀ òtútù ń mú un. Bó ṣe ní kóun dìde, òyì kọ́ ọ, ó rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àǹtí, ẹ má sọ fún màmá mi. Mi ò lè jẹun mọ́. Tí mo bá jẹun, ẹ̀rù á máa bà mí. Tí mo bá sì wo dígí, ẹni tó sanra gan-an ni mo ń rí."

"Òun gan-an ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún," Àǹtí Téèpù ní, ó fi aṣọ bò ó léjìká. Ó pe àbúrò rẹ̀ wọlé. "Mi ò dín aṣọ yìí kù mọ́. Ara ọmọ yìí ò yá."

"Aṣọ ni mo ní kẹ́ ẹ rán, ẹ kì í ṣe dókítà."

"Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lọ bá dókítà báyìí. Aṣọ ni mo ń gé, èmi kì í gé èèyàn."

"Ṣé torí pé ẹ̀yin sanra lẹ ṣe fẹ́ kọ́mọ mi náà sanra?"

Oníbàárà kan tó ń dúró de búláòsì rẹ̀ yára wolẹ̀.

"Mo sanra," ni Àǹtí Téèpù fèsì, "mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò tọrọ àforíjì ara yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Máa bínú ẹ lọ. Tó o bá bínú tán, wá bá wa lọ́sibítù."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú.

Dókítà ò bá ọmọ náà wí. Ó ní àìsàn gidi ni, pé ìtọ́jú wà fún un, ó sì dáa bí wọ́n ṣe tètè wá. Nígbà tó ṣe, ìyá rẹ̀ dé, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Màmá wa máa ń sọ fún mi pé kí n má jẹun jù, kí n má baà dà bíi yín."

"Mo mọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ látinú yàrá."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún.

Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú. Ọkọ ìyàwó ní ìyàwó lòun fẹ́, òun ò fẹ́ aṣọ. Ìwòsàn náà ò tètè dé. Lọ́jọ́ míì ọmọ náà á jẹun, lọ́jọ́ míì á ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa sunkún. Àǹtí Téèpù á jókòó tì í, á máa jẹ tirẹ̀, kò ní ṣọ́ ọ lẹ́nu. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá bú ara ẹlòmíì tàbí ara òun fúnra rẹ̀, Àǹtí Téèpù á ká aṣọ onítọ̀hún lé e lọ́wọ́ pé kó máa lọ. Àwọn kan bínú lọ. Kò bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n sún síwájú pé, ọmọ náà wọ aṣọ, ó gbé apá sókè, ó jókòó, ó tún dìde.

"Àǹtí, ẹ tú u kó fẹ̀ díẹ̀ níbi ikùn. Mo fẹ́ jẹun níbi ìgbéyàwó ara mi."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ na ọwọ́ mú sísọ́ọ̀sì kó lè tú u.