Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Ìdó-Ilé Fi Sílẹ̀ De Àlejò

Lẹ́tà ojú ewé kan ni wọ́n ní kí n kọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́tà ojú ewé kan kò lè dẹ́rù bà mí. Mo gbé omi tíì kaná, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ tán kí omi tó hó. Lẹ́tà yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní bù kúrò níbẹ̀.

Àrámọ̀kọ ni mò ń gbé. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, olóòtú tó máa ń pariwo mọ́ mi lórí fóònù náà ti lọ. Bí fóònù bá dún nílé mi báyìí, ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra wọn ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n fẹ́ kí n ra orin. Nítorí náà, nígbà tí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní yunifásítì kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, n kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba àlejò kan," ó ní.

Ó ṣàlàyé. Lọ́dọọdún ni yunifásítì wọn ń ya owó sọ́tọ̀ láti fi pe ọ̀mọ̀wé àlejò. Gbogbo ẹ̀ka ló ń du ú. Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ló máa ń gbà á, tí kò bá jẹ́ àwọn oníṣègùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ẹ̀ka tiwọn tẹ̀ ẹ́. Àlejò náà, pùròfẹ́sọ̀ obìnrin láti Gáná, ń ṣe ìwádìí nípa àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé nínú ilé tó ti kún rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni owó náà ká. Bí ẹ̀ka bá lè fi hàn pé iṣẹ́ ṣì kù, ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà lè sanwó kí àlejò kan náà padà wá.

"Ẹ mọ gbogbo agbègbè yìí, ẹ sì gbọ́ ẹ̀ka èdè wọn," ó ní. "Òun á béèrè, ẹ̀yin á túmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè tiyín o. Mo mọ̀ yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ fún mi pé òun mọ̀ mí.

Ọjọ́ kejì tí àlejò dé ló ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn yunifásítì. Èmi náà lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí mo máa fi lọ kí i ní ilé àlejò nírọ̀lẹ́, òun nìkan ló jókòó ti àwo ìrẹsì, tẹlifíṣọ̀n ń dá sọ̀rọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Ó ní, "Àwọn tí mo wá ṣèwádìí nípa wọn, ó dà bíi pé èmi náà ti di ọ̀kan nínú wọn."

Ìbéèrè mẹ́ta péré ló ní, kì í sì í yí i padà. Ta lẹ bá jẹun lánàá? Yàtọ̀ sí yín, ta ló sùn nílé yìí kẹ́yìn? Ìgbà wo ni ilé yìí kọ́kọ́ dákẹ́? Àwa oníròyìn ń fi gbogbo ayé wa wá ìbéèrè mẹ́ta tó dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ní Ayétòrò, bàbá àgbẹ̀ kan dá a lóhùn pé, "Rédíò ni mo bá jẹun. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń jẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́, mo pa á." Ní Ìjurìn, ẹnì kan tó ní oko kòkó na ọwọ́ sí ilé tuntun rẹ̀: "Ọmọ mi ló kọ́ ọ fún mi, yàrá mẹ́jọ. Ọ̀kan ni mo mọ̀. Méje tó kù, àwọn alángbá ló ni ín." Ìyá àlájà kan tí kò jìnnà síbẹ̀ ní, "Nígbà ààwẹ̀, èmi ni mò ń jí ara mi fún sààrì. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn ara mi ni." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ àlejò ń gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára.

Ó ku ọjọ́ méjì kó padà sí Gáná nígbà tí a lọ sí Ìdó-Ilé.

Opó olùkọ́ kan ni wọ́n júwe fún wa, ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ilé rẹ̀ ní yàrá mẹ́rìnlá. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wà nínú agolo mílíìkì kan tó ń gbé káàkiri bí obìnrin mìíràn ṣe ń gbé pọ́ọ̀sì. Odó ńlá tí wọ́n fi ń gún iyán gbogbo ilé wà lẹ́yìnkùlé, ó dojú dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni odó kékeré kan wà, tí ìyá ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ fún òun níwọ̀n iyán ẹnì kan.

"Ẹ kú ulé o, Ìyá," mo kí i. Ulé ni wọ́n ń pe ilé níbẹ̀.

"Ta lo mú wá yìí?"

"Àlejò ni. Gáná ló ti wá."

"Gáná tó lé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wálé tòun ti ẹní kan ṣoṣo lábíyá?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àlejò kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní òun bẹ̀bẹ̀ lórúkọ gbogbo ará Gáná. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ó dáa. Kó wá jẹ iyán. N kì í bínú sí ẹni tó bá jẹ iyán mi tán."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gún iyán nínú odó kékeré yẹn kí ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pé. Kò jẹ́ kí a béèrè ohunkóhun títí a fi fọwọ́. Lẹ́yìn náà ni àlejò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀.

Ta lẹ bá jẹun lánàá? "Èmi àti ara mi. A ò jà."

Ta ló sùn nílé yìí kẹ́yìn? "Ìyàwó ọmọ mi kan, nígbà tí a sin bàbá wọn. Ó ní ẹ̀fọn pọ̀."

Ìgbà wo ni ilé yìí kọ́kọ́ dákẹ́?

Ìyá ronú sí èyí. "Ulé yìí ò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ó ní. "Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń dákẹ́ lọ́jọ́ tirẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ ọ. Nígbà tí méjìlá ti dákẹ́, ó ku tèmi àti ti àbígbẹ̀yìn mi obìnrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jà. Mo ní kó máa lọ. Ó gbé àpótí rẹ̀ rù. Mo dúró níbí yìí, mò ń wò ó títí ó fi dé ìkòríta. Mọ́tò dé. Kò wọ̀ ọ́. Ó yí padà, ó ń bọ̀ tòun ti àpótí. Ó dé ẹnu ọ̀nà yẹn, ó sọ àpótí kalẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní..."

Ìyá gé e síbẹ̀. Ó mú agolo rẹ̀, ó mì í.

"Ó ní kí ni, Ìyá?" Èmi ni mo béèrè, àlejò kọ́.

"Ìyókù di ìgbà tó bá padà wá."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó mi orí. "Àlejò tó bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ló tún fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Ohun tó ń ṣe yé mi. Ìyá tó bí mi kì í dá abọ́ àti ìdérí rẹ̀ padà pọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ràn. Á fún un ní abọ́, á ní kó wá mú ìdérí lọ́jọ́ mìíràn. Mo ṣàlàyé èyí fún àlejò. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá mú.

"Bá mi sọ fún un pé màá padà wá jẹ iyán iṣu tuntun."

"Ta ni ẹlẹ́rìí?" ni ìyá béèrè.

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ oníròyìn? Ẹni tó ń sọ ohun tí kò rí!" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Àlejò lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, olórí ẹ̀ka tún pè mí. Ìgbìmọ̀ fẹ́ pinnu lórí ìbẹ̀wò kejì, wọ́n sì fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní àdúgbò tí iṣẹ́ náà ṣojú rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa jókòó. "Ojú ewé kan péré, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí."

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ìròyìn láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́. Olóòtú mi kì í gba ìròyìn tí kò parí. Á jù ú padà sí mi, á ní, "Lọ wá ìparí rẹ̀." Mo mọ bí a ṣe ń fi ìparí sí ọ̀rọ̀. Mo tún fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo túmọ̀ dáadáa, pé ẹni tí mo mú kiri kò ṣòfò. Mo kọ ọ́ báyìí: "Àlejò wa gbọ́ gbogbo ohun tó wá gbọ́. Iṣẹ́ náà parí, ó sì yọrí sí rere." Mo fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Olórí ẹ̀ka dúpẹ́. Bóyá ó kà á, bóyá kò ráyè kà á. Mo mu tíì mi.

Ọjọ́ kẹta ló pè. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbé owó náà fún ẹ̀ka mìíràn."

"Kí ló dé? Ṣé wọn ò rí lẹ́tà mi ni?"

"Wọ́n rí i. Wọ́n kà á sókè nípàdé. Wọ́n yìn ín gan-an. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá ti parí, kí ni ìbẹ̀wò kejì wà fún?"

N kò lọ sí Ìdó-Ilé lọ́sẹ̀ yẹn. N kò lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣu tuntun jáde lọ́jà Àrámọ̀kọ, mo sì ń gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé kí n má baà rí i. Nígbà tó yá, mo wọ mọ́tò.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá ìyá. Odó ńlá ti dìde dúró. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, ọmọrí odó méjì sì dúró ti ògiri.

"Ọ̀dọ́kùnrin méjì ni mo bẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé e," ìyá ní. Ó ń wo ẹ̀yìn mi. "Àlejò dà?"

"Kò wá, Ìyá."

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Rárá. Wọn ò fún un lówó ọkọ̀ mọ́."

"Nítorí kí ni?"

Mo lè di ẹ̀bi ru ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo odó yẹn, mo sì sọ òtítọ́. "Èmi ni. Mo kọ̀wé sí wọn pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán."

Ìyá gbé agolo rẹ̀ kalẹ̀. "Kí ni ọmọ mi sọ lẹ́nu ọ̀nà?" ó béèrè.

"N kò mọ̀, Ìyá."

"O ò mọ̀, o wá kọ ọ́ pé o mọ̀. Ṣebí mo sọ ọ́ níjọ́sí? Oníròyìn!"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí a gun orí àpáta tó wà lókè ilé, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa, kí a pe àlejò. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo ní kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbọ́, orí fóònù ni n ó ti wá sọ ọ́?" Mo ní kó sọ ọ́ fún mi, pé màá kọ ọ́ ránṣẹ́. "Ìwọ kọ́ ni mo fi í sílẹ̀ dè," ó ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó kan. Ìyá ń wò mí.

"Ta lo bá jẹun lánàá?"

"Èmi àti ara mi."

"Ẹ jà?"

"A jà díẹ̀."

Ó mi orí, ó wọlé, ó mú iṣu kan jáde, ó ní kí n bó o. Odó kékeré ló fi gún un, ẹ̀ẹ̀mejì. A jẹun, a kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo rò pé kí n ṣe é lóore: mo di etí odó ńlá mú, mo fẹ́ dojú rẹ̀ dé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?" ó kígbe. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ kọ òmíràn."

Mo ti kọ òmíràn. Kì í ṣe nígbà tí omi tíì ń hó. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ kan. Gbólóhùn tó ṣíwájú ni pé iṣẹ́ náà kò tíì parí, pé ọmọ kan ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àpótí rẹ̀, a kò sì tíì gbọ́ ohun tó sọ. Olórí ẹ̀ka kà á lójú mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á. Ó ní ìgbìmọ̀ ò ní jókòó mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Mo máa ń lọ sí Ìdó-Ilé lọ́jọ́ Ẹtì. N kì í béèrè ohun tí ọmọ náà sọ, ìyá ni í béèrè lọ́wọ́ mi.

"Wọ́n ti jókòó?"

"Wọn ò tíì jókòó, Ìyá."

Òjò ti rọ̀ sínú odó ńlá náà. Mo rí ìyá tó ń fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, díẹ̀díẹ̀, tó sì fi aṣọ nù ún. Kò dojú rẹ̀ dé.