Oúnjẹ Tí Wọ́n Kà Léèwọ̀ fún Bọ́sẹ̀

Òórùn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí aládùúgbò mi fi irú sè gba ojú fèrèsé wọlé bá mi ní Òkè Baálẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì gbé ọkàn mi padà sí Ọ̀tan-Ilé, sí àgbàlá ìyá ìyá mi, níbi tí èmi àti Bọ́sẹ̀, ọmọ ilé kejì, ti jọ dàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ irú ebi tó máa ń pa ọmọdé tó bá ti oko kòkó dé. Iyán gbígbóná ni, àti ẹ̀fọ́ tó ki bí igbó, pẹ̀lú ìgbín nígbà òjò. Bí àgbálùmọ̀ bá dé, a ó mu ún títí ètè wa yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Bọ́sẹ̀ a máa jẹun ju gbogbo wa lọ. Ìyá àgbà a ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ mọ oore."

Bọ́sẹ̀ di tíṣà, ó sì lọ sílé ọkọ ní Iléṣà. Kò pẹ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí omi, tí ikùn rẹ̀ sì ń ga. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń yọ̀ kiri ṣọ́ọ̀ṣì pé oyún ni, kí dókítà tó sọ pé ìju ni, kókó inú ilé ọmọ. Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ìyá ọkọ kọ̀ jálẹ̀. "Ọ̀bẹ kò ní kan ilé ọmọ ìyàwó ọmọ mi. Ẹnu ló gbà wọlé, ẹnu náà la ó fi lé e jáde."

Ó ka ẹran léèwọ̀ fún un. Ó ka ẹyin, ẹ̀wà, àti iyán pàápàá mọ́ ọn. Omi ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ló kù. Nígbà tí mo lọ kí i, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bí ẹfun.

"Ọ̀rẹ́ mi, iyán ń wù mí," ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

Mo kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ fún ọmọ mi ni?"

Ọkọ rẹ̀ bu omi ewúro sí ife fún Bọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, iwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ti ṣubú, èmi àti ìyá ọkọ rẹ̀ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó gbà wá gbọ́ nípa èèwọ̀ náà, ó fi ìbínú sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé: "Ẹ̀fọ́ àti èso dára lára obìnrin, mà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dín ewu kókó yìí kù. Àmọ́ èyí tó ti tóbi tó báyìí kò gbọ́ ti oúnjẹ. Ẹran àti ẹ̀wà tí ì bá máa fún un lẹ́jẹ̀ lẹ wá kà léèwọ̀!"

Bọ́sẹ̀ kò lajú mọ́.

Níbi ìsìnkú, ìyá ọkọ rẹ̀ sunkún tọkàntọkàn. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé, "Oúnjẹ àbúlé tó jẹ lọ́mọdé ló pa á."

Oko kòkó wa ti di ilé báyìí, núdùsì inú ọ̀rá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin fi ń dàgbà. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ikùn kò jìnnà séèyàn mọ́. Síbẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin, ohun tó jẹ ni wọ́n ṣì kọ́kọ́ ń bi í.