Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì Tí Kì í Fẹ́ Jí Láàárọ̀

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Ìbejì, àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga rẹ̀ tó dìde láìgba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípa mọ́tò. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló fi jíǹkí rẹ̀. Ó kàn ṣeni láàánú pé ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an kò mọ̀ pé ọ̀mọ̀ràn ló ni òun.

Bí ọkọ̀ àgbà yìí bá ti sùn mọ́jú, kùn-ùn kùn-ùn lásán ni yóò máa kùn, kò ní jí. Àmọ́ bí wọ́n bá pa á lọ́sàn-án, kíá ló máa tún dáhùn. Bàbá Ìbejì ní bátìrì ni. Ó ra tuntun. Ọkọ̀ fi agbára tuntun kọ̀. Ó ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó pààrọ̀ gbogbo wọn. Ọkọ̀ gbà wọ́n tọpẹ́tọpẹ́, kò lọ.

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì, ló máa ń jókòó tì í, tí yóò máa wo aago. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Níbo lò ń lọ? Ó ti fẹ́ jí!"

"Tó bá jí, Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí i."

Ló bá bọ́ sẹ́yìn alùpùpù aládùúgbò, ó di fẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lákínyẹmí ara. Ó gbé ìgbéraga sílẹ̀ níwọ̀nba tí kò ní pa á lára, ó pe mẹkáníìkì wá sílé láàárọ̀ kùtù.

Ìyẹn so aago kan tó ń wọn agbára epo mọ́ ọ̀nà epo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ẹ má tíì ṣáná sí i."

Pọ́ǹpù kùn nínú táńkì, abẹ́rẹ́ aago gòkè. Bí pọ́ǹpù ti dákẹ́, abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́, bí abẹ́rẹ́ ti gòkè, mẹkáníìkì fún rọ́bà tó ń gbé epo bọ̀ láti táńkì pa. Abẹ́rẹ́ dúró gbọin.

"Ọ̀dọ̀ táńkì lẹ́yìn ló ti ń jò. Fáàfù inú pọ́ǹpù, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí epo padà, ti jẹ, epo ń sá padà sí táńkì lóru. Tí ẹ bá pa á lọ́sàn-án, kò tíì ráyè sá tán."

"Mo fura sí i tẹ́lẹ̀," ni Bàbá Ìbejì wí.

Mẹkáníìkì wo bátìrì tuntun, ó rọra ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ilé ire ló ti jáde.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù, ọkọ̀ dáhùn ní ìpè àkọ́kọ́. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lọ́wọ́.

"Ṣé ó jí lóòótọ́?"

"Wọlé jàre."

Kí wọ́n tó dé ìkòríta, ìyàwó ti gbórí ti fèrèsé, ó ń hanrun. Bàbá Ìbejì rọra ń yẹ kòtò sílẹ̀ kí ó má bàa jí i, ó sì ń ṣàlàyé fáàfù fún un látìbẹ̀rẹ̀.